Owó Wà Lọ́wọ́, Ọjọ́ Ni Kò Sí Mọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Dáyárì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò tóbi lójú. Ọ̀rọ̀ dáyárì ni, ìwé kékeré tí a fi ń pín ọjọ́, tí a sì fi ń rántí ohun tí ó yẹ kí a ṣe nínú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tóbi lójú a máa ba ohun ńlá jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti gbọ́ nínú ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tìkára mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, opó kan tí ó ń ta ẹja ní Ìyànà-Ìbà kó owó ìdánwò àṣejáde ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, pé kí n bá òun san án nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé òun kò lè fi àtẹ sílẹ̀. Mo gba owó náà, mo fi pamọ́ dáadáa, mo sì wí fún un pé kí ó fi ọkàn balẹ̀. N kò kọ ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ san án sí ibì kankan. Orí mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí i, ni a pàdánù àgbà kan nínú ìdílé wa, ni òjò sì ba òrùlé mi jẹ́. Nígbà tí mo fi máa rántí, ọjọ́ ti fi ọjọ́ méjì kọjá. Owó wà lọ́wọ́ mi ní pípé, kọ́bọ̀ kan kò dín níbẹ̀. Ọjọ́ ni kò sí mọ́. Ọmọ náà jókòó sílé fún ọdún kan gbáko.

Bí ìyá yìí bá bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Kò bú mi. Ó wò mí títí, ó sì wí pé, "Bàbá Akọ̀wé, bí ó bá ṣe pé èmi ni mo mọ ìwé kọ bí ẹ ti mọ̀ ọ́n yìí, ǹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju pàṣán lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú dáyárì ní ọ̀kúnkúndùn, ohun tí mo sì ti kọ́ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn baba wa kò ní dáyárì, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé nǹkan. Wọn a sì máa tọ́ka sí Alájọ Ṣómólú, ẹni tí a ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láì kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Títí di òní, bí a bá fẹ́ yin ọlọ́gbọ́n ènìyàn, a ní orí rẹ̀ pé bí ti Alájọ Ṣómólú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ìdí tí ọkùnrin náà fi di ẹni à ń fi pòwe ni pé irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Bí gbogbo wa bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá máa dárúkọ rẹ̀? Alájọ tí àwa mọ̀ ní ọjà wa, káàdì ni ó ń lò, èyí tí a fi ìlà pín sí ojú ilé 31 fún ọjọ́ inú oṣù, tí ó sì ń sàmì sí ojú ilé kan fún owó ọjọ́ kan. Kí ni káàdì yìí bí kò ṣe dáyárì ẹni tí kò fẹ́ kí owó òun sọnù? Àwọn baba wa pàápàá kò gbẹ́kẹ̀ lé orí nìkan. Wọ́n ń fi èédú fa ìlà sára ògiri nítorí gbèsè, wọ́n ń so owó ẹyọ mọ́ okùn ránṣẹ́ ní àrokò, wọ́n sì ń fi ọjọ́ ọjà ka ìgbà.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà òyìnbó nìkan ni pé kí a kọ ìṣe ọjọ́ sílẹ̀. Lóòótọ́, ní 1812 ni John Letts, ọkùnrin kan tí ó ń ta ìwé àti tàdáwà ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dáyárì fún títà. Ṣùgbọ́n ó lé ní ogún ọdún ṣáájú èyí, láti 1785 dé 1788, tí Antera Duke, ọmọ Efik tí ó jẹ́ oníṣòwò ńlá ní Calabar, ti ń kọ ìṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní irú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn oníṣòwò ń sọ nígbà náà: ìgbà tí ó jí, bí kùrukùru òwúrọ̀ ti rí, ọkọ̀ òkun tí ó gúnlẹ̀, àti ọjà tí ó gbà. Òwò ẹrú wà nínú òwò rẹ̀, a kò sì lè yìn ín nítorí èyí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni àwa fi mọ bí òwò búburú náà ti ń lọ láti ẹnu ẹni tí ó ṣe é. Ìwé náà gan-an ṣègbé ní ilẹ̀ Scotland nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Apá tí ẹnì kan ti dà kọ ṣáájú ni ó kù, ìyẹn ni a sì tẹ̀ jáde ní 1956.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, Olóògbé Akinpelu Obisesan ará Ìbàdàn, ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé rí, tí ó sì di aṣáájú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ó tó kú ní 1963, kọ dáyárì fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Kò fi gbèsè rẹ̀ pamọ́ fún ìwé rẹ̀; àìlówó àti àníyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìpàdé àti iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún wa, nítorí dáyárì tí a kò bá bá sọ òtítọ́ kò lè ràn wá lọ́wọ́.

Ǹjẹ́, ìṣòro wa kì í ṣe àìrí dáyárì. Ní ìparí ọdún, ilé ìfowópamọ́ ń fi ta ni lọ́rẹ, ìjọ ń fi ta ni lọ́rẹ, àwọn ẹgbẹ́ náà sì ń tẹ tiwọn. Kí ni a ń fi wọ́n ṣe? A ó kọ orúkọ wa gàdàgbà sí ojú ewé kìíní, a ó kọ nǹkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ìwé di ti àwọn ọmọdé, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ó di ti ẹlẹ́pà. Ìdí rẹ̀ ni pé a ń lo ìwé náà bí ẹni tí ó wọ aṣọ tí a rán fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò mọ ọjà rẹ, kò mọ ìdílé rẹ, kò sì mọ ọjọ́ àjọ rẹ. Ìwọ ni ìwọ yóò gé e bá ara rẹ mu.

Ẹ mú ọjọ́ ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ inú dáyárì jẹ́ ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún a máa padà ní ọjọ́ kẹrin sí èyí tí a ná, tàbí ọjọ́ karùn-ún bí a bá ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣírò àwọn baba wa. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kí ó tó padà sí ọjọ́ Ajé ní ọjọ́ 28. Ẹni tí ó bá ń ra ẹja tàbí gààrí ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kan péré ní oṣù kìíní, kí ó sàmì sí gbogbo ọjọ́ ọjà títí dé ìparí ọdún. Nígbà náà ni yóò rí i kí ó tó pẹ́ pé ọjọ́ báyìí báyìí ni ọjà pàdé ìsìn, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ọjọ́ owó ilé ìwé.

Ti àwọn Mùsùlùmí náà ń bẹ níbẹ̀. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí náà ààwẹ̀ àti ọdún a máa tètè dé ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Léèdì ni kí ẹ fi kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tàdáwà, títí a ó fi rí oṣù.

Ohun tí èmi ń ṣe nìyí. Ojú ewé òsì ni mo fi sí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ojú ewé ọ̀tún ni mo fi sí ilé àti ẹbí. Tàdáwà pupa ni mo fi ń kọ ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ mi, yálà owó tàbí ìlérí, nítorí ohun ti ẹlòmíràn ni a máa ń gbàgbé jù. Bí ọjọ́ kan bá ṣe pàtàkì, n kì í kọ ọ́ sí ọjọ́ náà nìkan. Mo ń kọ ọ́ sí ọjọ́ méje ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ọ̀ràn má baà bá mi lójijì. Lójú ẹni tí ó bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ń ṣí ìwé tí mo sì ń kọ ọ́, nítorí "mo máa kọ ọ́ bí mo bá délé" ni ìyá ìgbàgbé. Mo ń kà á ní òwúrọ̀ kí n tó jáde, mo sì ń kà á ní alẹ́. Ohun tí n kò bá rí ṣe, mo ń gbé e lọ sí ọjọ́ mìíràn, n kì í fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà.

Èwe ìwòyí yóò ní fóònù ti tó. N kò bá fóònù jà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iná láti àná, fóònù yóò kú, ìwé kì yóò kú. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń kọ: ohun tí kò yẹ kí ẹlòmíràn kà, ẹ má ṣe fi sínú ìwé tí ń bá yín lọ sí ọjà. Òwe kan wí pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ìjà àná wà láìkọ, kí ìlérí ọ̀la sì wà ní kíkọ.

Kí n tó dákẹ́, ẹ ó fẹ́ mọ̀ bí ọ̀ràn opó náà ti jásí. Ọmọ rẹ̀ ṣe ìdánwò ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo sáré san owó náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́. Ní ìparí ọdún náà mo mú dáyárì kan lọ fún ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni òun yóò fi ṣe. Ọmọ náà kọ́ ọ ní àmì iye láti oókan dé ogún, ìyá sì dá èyí tí ó kù ṣe fúnra rẹ̀: ó ya ẹja sí ọjọ́ ọjà, ó ya òrùka sí ọjọ́ àjọ, ó sì ya orí ènìyàn sí ọjọ́ tí onígbèsè dá.

Ní oṣù tí ó kọjá mo gba iwájú àtẹ rẹ̀ kọjá, ó sì pè mí. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka lé orí ènìyàn kan tí ó dé fìlà, tí ó sì wọ awò ojú. "Bàbá Akọ̀wé," ni ó wí, "ẹja méjì ni ẹ gbà, òní ni ẹ dá." Mo yẹ dáyárì tèmi wò, kò sí níbẹ̀. Mo san owó lójú ẹsẹ̀, mo sì kí i kú iṣẹ́.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ẹni tí ó bá ní ìwé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dìgbà kan ná.