Ìbẹ̀rù Ẹ̀rọ Tí Ń Ya Àwòrán Inú Ara

Bí dókítà bá wí fún ẹnìkan nínú wa pé kí ó lọ ya àwòrán inú ara rẹ̀, ìbáà ṣe ní Òṣogbo, ìbáà ṣe ní Wesley Guild ní Iléṣà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, ẹ̀rù a máa bà á. Òmíràn kò ní sùn ní òru ọjọ́ náà. Òmíràn a sì padà sílé láti ẹnu ọ̀nà. Ìbẹ̀rù méjì ni èyí: ìbẹ̀rù ẹ̀rọ, àti ìbẹ̀rù ohun tí ẹ̀rọ yóò fi hàn.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ní ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì rí ìtànṣán tí a ń pè ní X-ray, ó sì fi ya àwòrán ọwọ́ aya rẹ̀. Egungun àti òrùka hàn gbangba. A gbọ́ pé nígbà tí obìnrin náà rí i, ó wí pé òun ti rí ikú òun. Ṣùgbọ́n ó gbé ayé títí di ọdún 1919.

Kí ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ṣe? X-ray kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, kì í sì í dun ni. Ìtànṣán tí X-ray àyà kan ń fi sí ara tó èyí tí ilẹ̀ àti òfurufú ń fún wa ní nǹkan bí ọjọ́ 10. Èyí tí àwọn aboyún mọ̀ sí síkáànù kò ní ìtànṣán rárá. Ohùn tí etí kò lè gbọ́ ni ó ń rán wọ inú, tí ó sì ń padà wá bí gbohùngbohùn ní ẹsẹ̀ àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. CT dàbí òrùka ńlá tí ibùsùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìtànṣán tirẹ̀ pọ̀ ju ti X-ray lọ, nítorí náà kò yẹ kí a ṣe é láìnídìí. MRI dàbí ihò gígùn, agbára òòfà ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń pariwo bí ẹni pé àwọn alágbẹ̀dẹ ń lu irin, ó sì lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo náà kì í ṣe àmì pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Bí aláìsàn bá di ojú kí a tó tì í wọlé, tí ó sì ń mí jẹ́jẹ́, yóò rọrùn fún un.

Òwe wa wí pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbogbo wa mọ Òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ, tí yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Kí aláìsàn ṣe bẹ́ẹ̀ gba àlàyé: Yóò ti pẹ́ tó? Ṣé ẹ ó gún mi ní abẹ́rẹ́? Ṣé ẹnìkan lè dúró tì mí? Kí òun náà sì sọ tirẹ̀: bí ó bá lóyún, bí irin tàbí ẹ̀rọ kékeré bá wà nínú ara rẹ̀, bí ó bá ní àrùn kíndìnrín, tàbí bí ibi tóóró bá ń bà á lẹ́rù.

Ní ti ìbẹ̀rù kejì, ẹ rántí pé àwòrán kì í dá àrùn sílẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ìró ejò nínú àjà, tí ó sì kọ̀ láti tan fìtílà, kò tí ì lé ejò náà jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń sin aláìsàn lọ, ẹ má ṣe wí pé "Má bẹ̀rù" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ fún un ṣáájú ọjọ́ náà ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí àti ohun tí etí rẹ̀ yóò gbọ́. Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í bà wá lẹ́rù tó ohun tí ó bá wa ní òjijì.