Ọkọ̀ Orí Wáyà Kò Le Kọ́, Àbójútó Rẹ̀ Ló Le

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè láti Alápòtí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yóò kọrí sí Abẹ́òkúta, sí Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1830. Nígbà tí ìjọba tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, kí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn má baà jókòó nísàlẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń wo odò Ògùn àti òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Ní Obúdú, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ìjọba Donald Duke ṣe ọkọ̀ orí wáyà tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 4. Èrò rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti Obúdú dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti Olúmọ náà sì máa ń dákẹ́. Lójú tèmi, ọjọ́ ìṣílé la máa ń náwó fún, a kì í ná an fún ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Bí ọkọ̀ orí wáyà ṣe ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé ọjọ́ tó tẹ̀ lé e yẹn ló ṣe pàtàkì. Mọ́tò ńlá ló ń yí àgbá tó ń fa okùn irin. Ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń bá mọ́tò fa èyí tó ń gòkè. Gbogbo ìgbà tí okùn bá yí àgbá ló ń tẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ irin inú rẹ̀ lè já láìhàn síta. Ìdí nìyí tí Table Mountain ní Cape Town, tó ti ní ọkọ̀ orí wáyà láti 1929, fi ń ti ilẹ̀kùn lọ́dọọdún láti tún un yẹ̀ wò, bí èrò tilẹ̀ ń bẹ. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ tí a kò bá dá dúró fún àtúnṣe yóò dá ara rẹ̀ dúró.

Àwọn kan ní ẹsẹ̀ làwọn baba wa fi gùn ún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aláìlera ò ní ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn mìíràn ní ojúbọ wà ní Olúmọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ jìnnà sí i, kí àtẹ̀gùn sì wà. Èyí tó wúwo jù ni pé ilé ìwòsàn ló yẹ kó ṣáájú. Mo gbà, ṣùgbọ́n owó àwọn olùbẹ̀wò lè bójú tó ibi tí wọ́n ń lọ. Ní Pic du Midi, òkè tó ga ní mítà 2,877 ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi awò wo ìràwọ̀, wọ́n ṣí orí òkè fún àwọn olùbẹ̀wò ní 2000, kí owó ìwọlé wọn lè ran ibẹ̀ lọ́wọ́. Ìjọba tí kò bá lè ya owó tíkẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ fún àbójútó, kó tún àtẹ̀gùn ṣe, kó má wulẹ̀ gé rìbọ́ọ̀nù.