Kì í ṣe ẹṣin ló kù, ọgbà ni: Bí òwò màlúù ṣe lè mú èrè wá ní Iyah-Gbede

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà oko Iyah-Gbede, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, kọjá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní pẹ́ kó tó pàdé agbo màlúù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á wà níwájú, èkejì á wà lẹ́yìn, tàwọn ti ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù Amẹ́ríkà, orí ẹṣin lẹni tó ń da màlúù máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀làjú ló fa ìyàtọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀, eṣinṣin àti owó ló fà á, ẹni tó bá sì fẹ́ fi màlúù ṣòwò nílẹ̀ Òkun gbọ́dọ̀ mọ bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní Texas àti Ajẹntínà, ọgbà màlúù kan lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ rìn ín já lóòjọ́. Ẹṣin ni wọ́n fi ń yẹ wáyà ọgbà wò, òun ni wọ́n fi ń kó màlúù tó ti fọ́n káàkiri jọ, òun náà ni wọ́n fi ń ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́. Ẹni méjì tó gun ẹṣin lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún màlúù wọlé. Ní Ọsirélíà, àwọn olówó ti ń lo alùpùpù àti hẹlikópítà dípò ẹṣin. Irinṣẹ́ ni ẹṣin jẹ́ fún wọn, bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe jẹ́ fún oníṣòwò iṣu.

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Òkun. Orí ẹṣin làwọn jagunjagun Nupe láti Bídá ti máa ń wá kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú ní ọ̀rúndún 19, títí di ọdún 1897 tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídá. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ kú níbi tí igbó bá ti pọ̀, nítorí eṣinṣin tsetse tó máa ń gbé kòkòrò àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun kan náà ló ń pa màlúù oníké funfun táwọn Fúlàní ń sìn. Ìdí nìyí tí àwọn darandaran ayé àtijọ́ fi máa ń padà sókè ọya bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oògùn àrùn náà dé, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti ṣán igbó púpọ̀, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá síhà gúúsù. Ọ̀dá tó mú ilẹ̀ Sàhẹ́lì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 tún lé púpọ̀ sí i wá. Níbi tó ga tó sì tutù, tí eṣinṣin náà kò ti pọ̀, bíi òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, ẹṣin ṣì wúlò fún ẹni tó ń sin màlúù. Irú ibi gíga bẹ́ẹ̀ náà làwọn òyìnbó wá kan, ní Obudu, ìpínlẹ̀ Cross River, tí wọ́n fi dá ọgbà màlúù sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1951.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan nínú gáà kì í ṣe kékeré. Láàárọ̀ kùtù, wọn á fún wàrà, wọn á yọ eégbọn lára ẹran, wọn á sì da agbo jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń padà, wọn á dá iná kí èéfín lè lé eṣinṣin. Àwọn obìnrin ló ń fi omi ewé bọ̀mùbọmù mú wàrà dì di wàràǹkàṣì tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrìn ojúmọ́ yìí ló ń jẹ lára màlúù. Oúnjẹ tó yẹ kó di ẹran àti wàrà, ọ̀nà ló ń jẹ ẹ́. Bí agbo bá sì ṣìnà wọ oko ẹ̀gẹ́, òwò dìjà nìyẹn.

Ìjà yìí ló mú kí ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó bá Kogí pààlà, ṣòfin lórí fífi ẹran jẹ̀ káàkiri lọ́dún 2016. Oǹdó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2021. Lọ́dún 2018, ìjọba Kogí ní òun ṣetán láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ètò ibùdó màlúù tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá awuyewuye sílẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ohun ọ̀sìn nìkan. Síbẹ̀, ọgbà kì í ti inú òfin yọ. Owó la fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Màlúù tó bá wọn kìlógíráàmù 250 ń jẹ tó kìlógíráàmù 6 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gba 120 ọjọ́, màlúù 20 á jẹ kìlógíráàmù 14,400, ìyẹn tọ́ọ̀nù 14 ó lé díẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń mu lítà omi 30, lítà 600 ni lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlélógún. Ẹni tí kò bá ní kànga tàbí odò tí kì í gbẹ, kó má tíì ra màlúù.

Oúnjẹ náà kò jìnnà. Àwọn ará Ìjùmú ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà. Pòròpórò ọkà, ewé ẹ̀pà àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáadáa jẹ́ oúnjẹ màlúù. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ àjọ ILCA ní Kàdúná fi hàn pé hẹ́kítà 4 tí a gbin ewéko stylo sí lè ran màlúù 15 sí 20 lọ́wọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́.

Wáyà ló wọ́n jù. Ilẹ̀ hẹ́kítà 10 tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ń fẹ́ ọgbà tó gùn ní mítà 1,265. Bí òpó kan bá wà ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, òpó bíi 420 ni. Bí ẹni mẹ́rin bá dá tiwọn ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mítà 5,060 ni wọn yóò rà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa ilẹ̀ wọn pọ̀ di hẹ́kítà 40, mítà 2,530 péré ló máa yí i ká. Ìdajì owó ti dínkù. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi lè ṣe ohun tí apá ẹnì kan kò ká. Lórí ilẹ̀ tó mọ báyìí, ẹsẹ̀ tó, kò sídìí láti ra ẹṣin.

Ibo ni owó máa gbà wọlé? Ẹran wà, ìgbẹ́ màlúù tó jẹ́ ajílẹ̀ fún oko wà, wàrà náà sì wà. Láti ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ará gáà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Fáṣọlá àti Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wàrà máa ń tètè bàjẹ́. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tó ń mú un tutù nítòsí, wàràǹkàṣì ló dájú jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, ó yẹ kí àdéhùn ilẹ̀ wà ní kíkọ láàárín onílẹ̀, àgbẹ̀ àti ẹni tó mọ màlúù sìn. Fúlàní tó ti wà ní gáà ọjọ́ pípẹ́ mọ iṣẹ́ yìí ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ. Ó tún yẹ kí dókítà ẹranko bá wọn yan irú màlúù tó bá ibẹ̀ mu. N'Dama àti Muturu kéré lóòótọ́, wàrà wọn kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fara da àrùn eṣinṣin tsetse.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ ṣọgbà tirẹ̀ ní Iyah-Gbede, tí màlúù rẹ̀ sì yó láìjẹ oko ẹnikẹ́ni, ni àwọn yòókù máa wò.