"NẸ́PÀ ló mú iná lọ" kò lè gbà yín lọ́wọ́ oníbàárà

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ gíráfíìkì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Oníbàárà san àsansílẹ̀ owó bánnà ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ọjọ́ pé, ẹ wá ní, "Ẹ má bínú sà, NẸ́PÀ ló mú iná lọ, fáìlì yẹn ò ṣí mọ́." Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn? Kò tán o.

Lábẹ́ òfin àdéhùn tí à ń lò ní Nàìjíríà, ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè rò tẹ́lẹ̀, tó sì sọ iṣẹ́ náà di èyí tí kò ṣeé ṣe mọ́, ló lè tú àdéhùn ká láìsí ẹ̀bi. Ta ni kò mọ̀ pé iná máa ń lọ? Ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sábó Ìkòròdú tàbí ní Ayétòrò Ẹ̀pẹ́ ti mọ̀ kó tó gbowó. Nítorí náà, iṣẹ́ tàbí owó, ọ̀kan nínú méjèèjì di gbèsè lọ́rùn yín.

Ibi tí iṣẹ́ sì ti máa ń bàjẹ́ ò ju mẹ́rin lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ̀ ń dúró kí iṣẹ́ parí kí ẹ tó fi pamọ́. Ẹ má dúró. Photoshop máa ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ lè yí i sí márùn-ún. CorelDRAW náà máa ń ṣe ẹ̀dà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Backup_of". Bí fáìlì gan-an bá kọ̀ láti ṣí, ẹ wá ẹ̀dà yìí kí ẹ tó sunkún. Àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kí ẹ má tẹ Ctrl àti S.

Ìkejì, ẹ̀ ń fi iṣẹ́ pamọ́ tààrà sórí flash. Bí iná bá lọ tàbí tí ẹnìkan bá fa flash yọ lójijì, ààbọ̀ fáìlì lẹ máa bá níbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: orí kọ̀ǹpútà ni kí iṣẹ́ ti kọ́kọ́ pé, kí ẹ tó dà á kọ sórí flash.

Ìkẹta, Photoshop ní "scratch disks are full." Fáìlì yín kọ́ ló bàjẹ́. Àyè ló tán lórí díìsìkì tí Photoshop fi ń ṣiṣẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ C. Ẹ kó fíìmù àti orin kúrò níbẹ̀. Bí fáìlì PSD bá sì ti ju 2GB lọ, kò ní gbà. PSB ni kí ẹ lò.

Ìkẹrin, CorelDRAW tuntun lẹ fi ṣe é, ti àtijọ́ ló wà lọ́dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú. Kò ní ṣí. Ẹ ronú sí ẹni tó wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, tó gba Ìtòìkín àti Ìkòròdú kọjá, tó wá débẹ̀ tí wọ́n ní kó máa padà lọ! Nínú Save As, ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀yà tó wà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì fi PDF kún un. Ẹ má sì fi JPEG nìkan sílẹ̀ o. JPEG ti lẹ gbogbo nǹkan pọ̀. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ yí déètì padà, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí.

Bí ìgbà Káyókáyó bá dé ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ ayẹyẹ ò ní sún síwájú nítorí fáìlì ẹnikẹ́ni. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ síbi mẹ́ta: kọ̀ǹpútà, díìsìkì òde, àti Google Drive tó ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì iye oṣù tí ẹ máa fi tọ́jú fáìlì oníbàárà, kó má baà wá béèrè rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ó ṣeé ṣe kí iná lọ lálẹ́ òní. Ẹ ti tẹ Ctrl àti S?