Ẹ̀rọ Aṣàwárí Irin: Ti Etíkun Yàtọ̀ sí Ti Oko

Ẹ ti rí i rí lẹ́nu ọ̀nà báǹkì. Ẹ̀ṣọ́ á mú ọ̀pá dúdú kan dání, á gbé e láti èjìká yín dé kókósẹ̀, bó bá kan kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ọ̀pá á ké. Irú ẹ̀rọ yìí kan náà, èyí tó ga tó ìbàdí, ni wọ́n fi ń wá ohun tó sọnù sínú ilẹ̀. Bí ẹ bá ń dáko ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ sì láwọn ará ní etí òkun Ògùn Waterside, ẹ lè rò pé ẹyọ kan á ṣe ibi méjèèjì. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè ṣe é. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ wá nǹkan sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo owó ọwọ́ yín.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwo pẹrẹsẹ kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ náà, wáyà bàbà tí wọ́n ká róbótó ló sì wà nínú àwo yìí. Iná bátìrì ń gba inú wáyà kọjá, ó ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ló ń sọ àwo di òòfà, agbára òòfà náà á sì wọ ilẹ̀ lọ. Bó bá pàdé irin, idẹ, bàbà, òjé tàbí wúrà, iná díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lára nǹkan ọ̀hún, iná yẹn á sì rán agbára òòfà tirẹ̀ padà sókè. Bí ẹni tó kígbe lẹ́bàá òkè tí gbohùngbohùn dá a lóhùn ni. Wáyà kejì nínú àwo ló ń gbọ́ ìdáhùn, ẹ̀rọ á wá sọ ọ́ di ariwo sí yín létí. Ohun tí iná kò lè gbà kọjá, tí òòfà kò sì lè fà, kì í dáhùn rárá. Ẹ lè gbé ẹ̀rọ kọjá lórí ìkòkò tó kún fún owó ẹyọ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní pariwo.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1881 tí wọ́n yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell tó ṣe tẹlifóònù gbé irú ẹ̀rọ yìí wá láti fi wá ọta tó há sí i lára. Kò rí i. Àwọn dókítà jẹ́ kó wá ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, irin tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí ààrẹ dùbúlẹ̀ lé sì tún ń dá ẹ̀rọ náà láàmú. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì yẹn sọ́kàn, torí pé ilẹ̀ náà máa ń dá ẹ̀rọ láàmú, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ẹ wo ilẹ̀ oko wa lẹ́yìn òjò. Ó pupa bí epo, yangí sì ń pàdé ọkọ́ lábẹ́ rẹ̀. Irin tó ti dípẹtà ló pa á láró bẹ́ẹ̀. Kò tó irin tí èèyàn lè rọ sí ọkọ́, àmọ́ ó tó láti dá ẹ̀rọ lóhùn. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́n á máa ké ní gbogbo ibi tí ẹ bá gbé e sí, tàbí kó dákẹ́ lórí ohun tó yẹ kó rí. Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi olùtajà ni pé, ṣé mo lè bá ẹ̀rọ yìí tún ilẹ̀ ṣe? Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: ẹ ó wá ibi tí kò sí irin, ẹ ó máa gbé àwo sókè, ẹ ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, títí ẹ̀rọ á fi mọ ohùn ilẹ̀ náà tí kò ní kà á sí mọ́. Ẹ̀rọ Garrett ACE 300 rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti tún tirẹ̀ ṣe kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ ò lè yí i padà. Garrett AT Pro ṣeé yí. Lórí ilẹ̀ pupa, èyí tó ṣeé yí ni mo fara mọ́, kódà bí owó rẹ̀ bá ga.

Ẹ tún wo àwo rẹ̀. Èyí tí wáyà inú rẹ̀ jọ lẹ́tà D méjì tó kẹ̀yìn síra wọn dára fún ilẹ̀ wa ju olóbìírípo lọ, torí pé tóóró ilẹ̀ ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í gbọ́ gbogbo yangí tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Ó wá ku etíkun. Iyanrìn Òde-Omi kò ní yangí, omi iyọ̀ ló ní, iná sì ń gba inú omi iyọ̀ kọjá. Lórí iyanrìn gbígbẹ tí ìgbì kì í dé, ẹ̀rọ yòówù kò ní dà yín láàmú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí iyanrìn ti tutù, ẹ̀rọ olóhùn kan, ìyẹn èyí tó ń fi ìwọ̀n iná kan ṣoṣo pe ilẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lórí iyọ̀ lásán. Ẹ̀rọ olóhùn púpọ̀ ló bá ibẹ̀ mu. Ó ń fi oríṣiríṣi ìwọ̀n pe ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi ìdáhùn wọn wéra, ó sì ń yọ ti iyọ̀ kúrò. Irú rẹ̀ ni Minelab Vanquish, Minelab Equinox àti Nokta Legend. Oríṣi kan tún wà tó máa ń pe ilẹ̀ ní ṣókí, á dákẹ́, á wá tẹ́tí sílẹ̀. Iyọ̀ kì í da ìyẹn láàmú, yangí pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, ṣùgbọ́n agbára káká ló fi ń mọ ìṣó yàtọ̀ sí òrùka. Níbi tí ìdọ̀tí irin bá pọ̀ sí, ẹ̀yìn á ro yín.

Ṣé gbogbo omi Waterside ló rí bẹ́ẹ̀? Rárá o. Omi ọ̀sà Lẹ́kí tó wà lẹ́bàá Ìwopin kì í ṣe omi iyọ̀ bíi ti òkun. Ẹni tó ń wá nǹkan létí ọ̀sà kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye nítorí iyọ̀. Kó sáà rí i dájú pé omi ò ní wọnú rẹ̀. Àwo Vanquish lè wọ omi dé mítà kan, ṣùgbọ́n àpótí orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. AT Pro àti Equinox 800 lè wọ omi tó jìn tó mítà mẹ́ta. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ ẹ̀rọ tó bá ti òkun dé, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ó rí i pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lè pa ohùn irin kan mọ́, kí wọ́n má bàa máa ké lórí ìṣó. Ẹ ṣọ́ra lórí èyí. Fóòlù inú páálí sìgá àti òrùka wúrà kékeré ń dáhùn bákan náà. Ẹni tó bá pa ohùn fóòlù mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu ti pa ohùn òrùka mọ́ ọn. Òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n apẹja náà ń dáhùn bí ohun rere, etíkun wa sì ni ibùgbé rẹ̀. Owó àtijọ́ bíi ọ̀nìnì, sísì àti ṣílè kò ní irin dúdú nínú, wọ́n á dáhùn ketekete. Náírà kan onírin ti 1991 ní tirẹ̀, irin ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ ní kó má ka irin sí lè fò ó.

Kì í ṣe ìṣúra nìkan ni wọ́n ń fi í wá, èyí gan-an ló sì wúlò jù lójú tèmi. Àwọn tó ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ ohun tí ìṣó kan ṣoṣo tó ti rì sínú igi lè fi ojú bíléèdì rí. Ẹ̀rọ kékeré tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, tí wọ́n ń fà lára gẹdú kó tó wọ ayùn, á pe ìṣó náà jáde. Àgbẹ̀ tí igbó ti bo òpó sọ́fíò oko rẹ̀ náà lè rí i, bí ọ̀pá irin bá wà nínú kọnkéré rẹ̀.

Báwo ló ṣe lè jìn tó nínú ilẹ̀? Owó onírin kan, bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, nígbà mìíràn ó lè fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin ńlá á jìn ju ìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ òun ń rí wúrà láti ọ̀nà jíjìn, tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán James McCormick lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá nítorí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ADE 651, tó tà fún ìjọba Ìráàkì pé ó ń rí bọ́ǹbù. Kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Bí owó yín bá tó ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ olóhùn púpọ̀ tó ṣeé bá tún ilẹ̀ ṣe ni kí ẹ rà. Ẹ má sanwó títí ẹ ó fi gbé òrùka, ìṣó àti fóòlù sórí ilẹ̀ pupa, tí ẹ gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra yín.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni oko. Ẹ má sì gbé e dé Eredo Sungbo, ìyẹn yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà, ti kọ̀wé nípa yàrà ńlá Ìjẹ̀bú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì sọ nípa ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n fi ń ra ẹrú àti eyín erin níbẹ̀. Irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ lè ṣì wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin 1979 tó dá àjọ ìṣẹ̀ǹbáyé NCMM sílẹ̀ kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni máa wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Bó bá ṣèèṣì jẹ́ pé ọkọ́ yín ló hú u jáde, ẹ dá ọkọ́ dúró, ẹ fi nǹkan náà síbi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì fi tó àjọ náà létí.