Gbólóhùn kan péré, a ti mọ eré tó ti jáde

“Òwe àtijọ́ kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tó sọ pé...” Ẹni tó bá gbé Lọ́ńdọ̀nù ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀ kó tó dárúkọ eré Desmond's. Matthew, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Gáńbíà, ló máa ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Peckham, àdúgbò tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí débi tí wọ́n fi ń pè é ní Èkó Kékeré. Gyearbuor Asante, ọmọ Gánà, ló ṣe Matthew. Channel 4 gbé eré náà jáde láti 1989 sí 1994.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kí ẹnì kan sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, kí àwọn yòókù dárúkọ eré. Kí ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ìdajì wákàtí ni aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń ní, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ká tètè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wàhálà ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu onítọ̀hún kì í yí. Nígbà tó bá yá, a ó ti máa rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

Àmọ́ àsọtúnsọ nìkan kò tó. Ìwà ni gbòǹgbò rẹ̀. Nínú Dad's Army, tí BBC ṣe láti 1968 sí 1977, Jones á máa ké pé “Ẹ má jáyà!”, òun gan-an ni jìnnìjìnnì sì bò jù. Del Boy inú Only Fools and Horses, ará Peckham náà, ń sọ pé tó bá di ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, àwọn á ti di olówó. Láti 1981 ló ti ń sọ ọ́. Nígbà tó ṣẹ, ní December 1996, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 24 ló wò ó.

Mind Your Language ti 1977 kò rí bẹ́ẹ̀. “Ẹgbẹ̀rún ìforíjì” tí Ranjeet ń tọrọ pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kó tètè gbó nìyẹn.

Ní ti wa, The Village Headmaster, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kankan kì í dúró lẹ́nu Àmẹ́bọ̀, tí Ibidun Allison ṣe. Lónìí, ọmọ tí kò rí eré náà rí ń pe olófòófó ní àmẹ́bọ̀.

Kò yẹ kí dídá nǹkan mọ̀ láti ara àmì kékeré báyìí ṣàjèjì sí ará Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Kwara. Àwọn agbẹ́gilére bí Àreògún ará Òsì àti Bámigbóyè ará Kájọlà, nítòsí Odò-Ọwá, kì í kọ orúkọ sára ère Ẹpa tí wọ́n gbẹ́. Bí ojú ṣe yọ, bí ọ̀bẹ ṣe rìn, ni àwọn tó mọ̀ ọ́n wò fi ń sọ pé ọwọ́ lágbájá nìyí. Yunifásítì Yale tiẹ̀ kó iṣẹ́ Bámigbóyè jọ fún àfihàn ní 2022.

Tí àwọn ọmọ bá tòkè òkun wálé sí Òsì tàbí Ìlọ́fà ní Kérésì yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn tiwọn dán yín wò. Kí ẹ̀yin náà bi wọ́n léèrè ta ni Àmẹ́bọ̀.