Oògùn Tí Ń Lé Àárẹ̀, Nínú Oòrùn Koko

Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà bá wọlé, tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí èso kajú sì ń já bọ́ lábẹ́ igi láti oko Koko ní Bantè títí dé Savalou, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ń pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ aroko-bọ́-ìlú, ìgbà náà sì ni ooru kì í jẹ́ kí ara gba iṣẹ́. Àwọn baba wa tí wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́ kò gbàgbé ibòji: bí oòrùn bá kan àtàrí, wọn a jókòó, wọn a mu omi, wọn a dúró di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, ní Benin àti Tógò, ọ̀pọ̀ alágbàro, awakọ̀ ẹlẹ́rù àti ọlọ́kadà tí a ń pè ní zémíjàn ń wá oògùn tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ náà, ìbáà ṣe tramadol ẹ̀bá ọ̀nà, ìbáà ṣe àwọn hóró ẹbí amphetamine tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Olùṣọ́ ara ni àárẹ̀. Bí a bá lé e lọ, àìsí nílé ológbò, ilé di ilé èkúté. Ooru ara ènìyàn máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a gbé ooru rẹ̀ lọ sí awọ, òógùn a sì gbé e jáde. Amphetamine a máa mú kí ọkàn sáré, a máa mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ inú awọ fún pọ̀, ooru a pọ̀ nínú láìrí ọ̀nà jáde, ẹni tó lò ó kò sì ní mọ̀, nítorí pé àárẹ̀ tí ìbá kìlọ̀ fún un ti dákẹ́. Bí ara bá gbóná kọjá 41, iṣan a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ a dá kíndìnrín lóró, gìrì a dé, ẹ̀mí a sì lè bọ́. Nínú ìwádìí tí a ṣe lára eku, methamphetamine, ẹbí amphetamine, tí ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́ nínú yàrá gbígbóná kì í bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tútù. Kí àwa tí a bí sí ilẹ̀ olóoru fi èyí sọ́kàn.

Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba adé eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé ní 1965: ó ṣubú láàárín eré lórí òkè Ventoux ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 13 oṣù Agẹmọ 1967. Wọ́n gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́, ó wà á díẹ̀, ó tún ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún 29 ni. Amphetamine àti ọtí ni wọ́n bá nínú òkú rẹ̀.

Tramadol ní tirẹ̀ jẹ́ oògùn ìrora, ẹbí morphine. Àpọ̀jù rẹ̀ a máa mú gìrì wá; bí a bá sì pa á pọ̀ mọ́ àwọn oògùn kan tí ń ta ọpọlọ jí, ara a gbóná, iṣan a le gbagidi; bí ó bá pàdé ọtí, èémí lè dúró. Ní àríwá Cameroon, àwọn àgbẹ̀ lò ó títí tí wọ́n fi ń fún màlúù tí ń túlẹ̀. Ní 2013 àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí tramadol nínú gbòǹgbò ẹgbẹ̀sì níbẹ̀, igi tí àwọn àgbà wa fi ń wo ibà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará Jámánì fi hàn pé láti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ènìyàn àti ẹran ni ó ti wọ ilẹ̀, tí igi fi fà á mu. Ẹgbẹ̀sì kò jẹ̀bi rárá!

Ìjọba Benin ti gbógun ti ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnù ní 2017, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àwo oògùn kò tíì kúrò lójú pópó, ẹni tó ń rà á kò sì mọ ohun tó wà nínú hóró náà.

Bí ọ̀dọ́ bá ṣubú lóko, tí ara rẹ̀ ń jó, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, wàràwàrà là á yọ oró iná: ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi omi tàbí àgbo sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Kí ẹnìkan ti máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantè tàbí Savalou, kí ẹ má sì tìtorí ìtìjú fi orúkọ ohun tó gbé mì pamọ́ fún dókítà. Bí ìwé tí wọ́n fi di oògùn náà bá wà, ẹ mú un dání.